Ìyá Òkè Ní Kí Aláwàdà Dákẹ́

Ọjọ́ kọkànlá tí ìyàwó mi bímọ ni ó sín, tí ó sì bú sẹ́kún. Kò sí ibi tó ń dùn ún. Orí àga tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé ni ó jókòó sí, ọmọ ń mu ọmú, oòrùn òwúrọ̀ ń wọlé. Ó sín lẹ́ẹ̀kan péré, ó wo ìjókòó tó wà lábẹ́ rẹ̀, omijé sì bọ́.

Ìyá mi, tó wá bá wa tọ́jú ọmọ, gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi aṣọ gbígbẹ lé e lọ́wọ́, kò sì béèrè ohunkóhun. Èmi wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń ká aṣọ ọmọ. Nígbà tí ìyàwó mi ti balùwẹ̀ dé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀.

"Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún ọkọ mi."

"Ọkọ rẹ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ń gbọ́ wa," ni ìyá mi wí. "Ìwọ, wọlé wá jókòó. Ọ̀rọ̀ yìí kàn ọ́. Orí rẹ tó tóbi ló kó èmi náà sí i."

Mo wọlé, mo jókòó sórí àpótí. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí, mo sì rò pé mo mọ obìnrin tó bí mi.

Awakọ̀ kíréènì ni ìyá mi. Kíréènì ni ẹ̀rọ irin gíga tó máa ń dúró láàárín ibi tí wọ́n bá ti ń kọ́ ilé ńlá, tó na apá gbọọrọ kan jáde, tó ń fi wáyà àti ìkọ́ gbé irin àti búlọ́ọ̀kù lọ sókè. Yàrá onígíláàsì kan wà ní téńté rẹ̀, kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ. Ibẹ̀ ni ìyá mi ń jókòó láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá jẹun, yóò tún gùn ún padà títí di ìrọ̀lẹ́. Igba ìgbésẹ̀ àkàsọ̀ ó lé méjìlá ni láti ilẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà yàrá náà. Ní ibi iṣẹ́, kò sẹ́ni tó ń pe orúkọ rẹ̀. Ìyá Òkè ni bíríkìlà ń pè é, Ìyá Òkè ni káfíńtà ń pè é. Fóòmánù pàápàá, tó máa ń fi orúkọ inú ìwé pe gbogbo èèyàn, Ìyá Òkè ni tòun náà.

Ẹni tó wà lókè kì í sábà rí ẹrù tó ń gbé. Ògiri a máa dí i lójú, eruku a máa bò ó. Nítorí náà, atọ́nà kan máa ń dúró nílẹ̀ pẹ̀lú rédíò ọwọ́, yóò máa sọ fún un pé gbé e, yí i sọ́tùn-ún, sọ ọ́ kalẹ̀. Òfin kan sì wà láàárín wọn tí kò ní àwíjàre: bí ẹrù bá ti ń rìn, ohùn atọ́nà kò gbọ́dọ̀ dá. Bí ohùn bá dá, ẹrù dúró. Ó lè jẹ́ rédíò ló kú. Ó lè jẹ́ atọ́nà ló ṣubú. Ẹni tó wà lókè kò mọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ dúró rò ó.

Atọ́nà tó ti ń bá ìyá mi ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, Aláwàdà ni wọ́n ń pè é. Nítorí pé òfin ní kò gbọ́dọ̀ dákẹ́, ó fi àwàdà dí gbogbo àlàfo tó wà láàárín àṣẹ kan àti èkejì. "Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, díẹ̀ sí i, ẹ wo fóòmánù bó ṣe ń yọ́ rìn bí ẹni tó jí bàtà ara rẹ̀, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀, díẹ̀ sí i, ó dé ilẹ̀." Ìyá mi a máa rẹ́rìn-ín nínú gíláàsì rẹ̀ lókè, ọwọ́ rẹ̀ kò sì ní gbọ̀n.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin méjì ló ṣáájú mi. Lẹ́yìn èkejì, bí ìyá mi bá wúkọ́ gidi, ẹ̀kán ìtọ̀ kan lè bọ́, kò kà á sí. Lẹ́yìn tèmi, ọ̀rọ̀ yí padà. Bó bá gun àkàsọ̀ dé ogójì, ara rẹ̀ ti tutù. Bó bá sín, ó dé. Bó bá rẹ́rìn-ín, ó dé. Àwọn ọkùnrin tó ń wa kíréènì máa ń gbé ike òfìfo tí wọ́n á máa tọ̀ sí lọ sókè, kò sì sẹ́ni tó ń fi ṣe ọ̀rọ̀ sọ. Obìnrin tó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, tó fi bẹ́líìtì ààbò dira láti èjìká dé itan, kí ni yóò fi ike ṣe?

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

"Kì í ṣe ìtọ̀ ló ń bà mí lẹ́rù," ó sọ fún ìyàwó mi. "Mo mọ̀ pé bó bá ti di mímọ̀, wọ́n á gbàgbé ọwọ́ mi, ṣòkòtò mi ni wọ́n á máa rántí."

Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọgbọ́n. Bàbá mi jẹ́ aránṣọ. Ìyá mi ní kó rán ṣòkòtò dúdú mẹ́ta fún òun. Bàbá mi kò béèrè ìdí tí kò fi fẹ́ aláwọ̀ eérú mọ́. Nígbà tó rán wọn tán, ìyá mi fi ọwọ́ kan inú wọn, ó rí i pé ó ti gbé aṣọ rírọ̀ ìpele méjì sí abẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó rán an mọ́ ọn débi pé ẹni tó wà níta kò lè fura. "Mo rò pé ìjókòó òkè yẹn le," ni bàbá mi wí, ó sì padà sídìí ẹ̀rọ rẹ̀. Ohun tí àwọn méjèèjì sọ nípa rẹ̀ fún odidi ọdún mẹ́jọ nìyẹn.

Ọgbọ́n kejì ni pé kò mu omi mọ́. Láti ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú ni yóò ti máa yẹra fún omi bí ẹni tí wọ́n fi omi bú.

Ẹ̀kẹta ni ti Aláwàdà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ó tẹ rédíò.

"Aláwàdà, láti òní lọ, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ nìkan ni kó o máa bá mi sọ. Mi ò fẹ́ àwàdà mọ́."



"Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni, ìyá mi?"

"O ò ṣẹ̀ mí."

"Ó dáa, mà."

Láti ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ gbẹ bí igi ìdáná. Gbé e. Yí i. Sọ ọ́ kalẹ̀. Nílẹ̀, wọ́n ní òkè ti ń gun ìyá náà. Bíríkìlà kan tiẹ̀ ní ẹni tó bá pẹ́ lẹ́bàá àwọsánmà yóò máa rò pé òun ló ń rọ òjò.

Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín níbi tó jókòó sí, ó sì yára pa itan pọ̀. Ìyá mi rí i, ó mi orí.

"Èmi náà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ ọ," ó wí. "Òjò sì rọ̀."

Ọ̀sán ọjọ́ kan, nígbà tí ooru mú, kò tíì fi omi kan ẹnu láti àná. Ó gbé búlọ́ọ̀kù sókè, ó wo ìkọ́, ó rí ìkọ́ méjì. Ó pa ojú dé, ó là á, méjì náà ni. Ó gbé ọwọ́ kúrò lórí ọ̀pá ìdarí, ẹrù dúró sójú òfuurufú. Lábẹ́ ẹrù náà ni àwọn bíríkìlà wà. Ó kà wọ́n. Wọ́n jẹ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀kan nínú wọn gbé orí sókè, ó ń juwọ́ sí i.

"Ìyá Òkè, kí ló dé?" ni Aláwàdà wí.

"Òòyì ń kọ́ mi. Ní kí wọ́n kúrò lábẹ́ ẹrù."

Nígbà tó sọ̀ kalẹ̀, fóòmánù kò bínú. Ó mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Ìyá Òkè, ẹ ti mọ̀ pé oṣù mẹ́rin sí i la ó gbé irin àjà. Kò sẹ́ni tí mo fẹ́ kó gbé e bíi tiyín. Àmọ́ bí ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí bá tún ṣẹlẹ̀, màá fi ẹlòmíràn sí ìjókòó yẹn. Ẹ̀yin á máa bá wa tọ́jú yàrá irinṣẹ́."

Yàrá irinṣẹ́ wà nílẹ̀, ilé ìtọ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an, kò ju ìṣísẹ̀ mẹ́fà lọ. Ìyá mi ní òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lójú ẹsẹ̀.

"Kí ló wá dé tí ẹ ò gbà á?" ni ìyàwó mi béèrè.

Ìyá mi wo ojú fèrèsé. "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílẹ̀, ikùn ẹyẹ lẹ̀ ń rí. Èmi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí. Mo máa ń rí òjò lọ́nà jíjìn, mo ń wò ó bó ṣe ń rìn bọ̀ láti òpópónà dé òpópónà, tí àwọn tó wà nílẹ̀ ṣì ń sá aṣọ. Ọmọ mi, bí wọ́n bá gbé mi sọ̀ kalẹ̀ kúrò níbẹ̀, èwo ni mo fẹ́ máa wò?"

Ó lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní àdúgbò. Òòyì nìkan ló sọ. Nọ́ọ̀sì tó bá níbẹ̀ jẹ́ àgbà obìnrin, gíláàsì ojú rẹ̀ ti sọ̀ dé ṣóńṣó imú. Ó béèrè bó ṣe ń mu omi sí, ìyá mi purọ́. Ó béèrè iye ọmọ tó bí, ìyá mi ní mẹ́ta. Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

"Ṣé ó ń jò?"

"Kí ló ń jò?"

"Ìyá, mẹ́rin lèmi bí."

Ìyá mi ní bí ẹni pé wọ́n tú bẹ́líìtì ààbò kúrò lára òun ni. Ó ro gbogbo rẹ̀ fún un, àti àkàsọ̀, àti ṣòkòtò, àti Aláwàdà. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọ tán, kò sì káàánú rẹ̀. Ó ní omi tí kò mu ló ń mú kí ìtọ̀ rẹ̀ ki, kó máa ta àpòòtọ̀, kó sì máa lé e síta léraléra. Ó ní iṣan kan wà nísàlẹ̀ ara, ó tẹ́ bí aṣọ tí a ta sábẹ́ ikùn, òun ló gbé àpòòtọ̀ àti ilé ọmọ dúró. Oyún mẹ́ta ti jókòó lé e lórí, ọmọ mẹ́ta ti gba àárín rẹ̀ kọjá. Ó ti rẹ̀ ẹ́. Kò kú.

"Ṣe bí ẹni tó ń sé ìsó mọ́nú níwájú àwọn àna rẹ̀," ni nọ́ọ̀sì wí. "Fún un pọ̀, gbé e sókè sínú. Má ṣe fún ikùn, má ṣe fún ìdí, má sì sé èémí. Ka márùn-ún. Ó yá, sọ ọ́ kalẹ̀."

Ìyá mi gbé e. Kó tó ka méjì, ó ti já bọ́.

"Iṣẹ́ kí lò ń ṣe?"

"Kíréènì ni mò ń wà."

Nọ́ọ̀sì bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ṣé bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń ju ẹrù lulẹ̀ níbẹ̀?"

Ẹ̀ẹ̀mẹwàá lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ohun tó ní kó máa ṣe nìyẹn. Kó máa mu omi. Bó bá fẹ́ wúkọ́ tàbí kó sín, kó kọ́kọ́ fún iṣan náà pọ̀. Bí ìtọ̀ bá sì gbọ̀n ọ́n lójijì, kó má sáré. Kó jókòó, kó fún un pọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, kó jẹ́ kó kọjá. Bí oṣù mẹ́ta bá pé tí kò sí ìyàtọ̀, kó padà wá, dókítà tó mọ̀ nípa rẹ̀ wà.

Ìyá mi ń ṣe é nínú bọ́ọ̀sì. Ó ń ṣe é nídìí ààrò. Ó ń ṣe é nígbà tí mo ń ka ìwé mi sí i létí, tó máa ń ní "ẹ̀n-ẹ́n, tún kà á." Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo rò pé ìwé mi ló ń gbọ́. Oṣù kìíní kọjá, kò sí nǹkan kan. Ní ọ̀sẹ̀ keje ó ń gún ata, ó sín, ó dúró kó dé. Kò dé. Ó gbé ọmọ odó sílẹ̀, ó dúró síbẹ̀ bí ẹni tó gbọ́ ohùn tí kò mọ ibi tó ti wá.

Ọjọ́ irin àjà pé. Irin kan ṣoṣo ni, ó gùn ju bọ́ọ̀sì mẹ́ta lọ, òun ni yóò so apá ilé méjèèjì pọ̀ lókè. Ìyá mi yóò gbé e débẹ̀, yóò sì dì í mú síbẹ̀ títí àwọn tó wà ní orígun méjèèjì yóò fi ti bóòtù, ìyẹn ìṣó irin ńlá, bọ inú ihò rẹ̀ tán. Bí bóòtù kò bá tíì wọlé, ìkọ́ nìkan ló gbé e dúró, awakọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ kúrò níbi tó wà. Wọ́n ní kò ní gbà ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Ìyá mi mu ife omi méjì ní àárọ̀ ọjọ́ náà, nítorí pé nọ́ọ̀sì ní kó mu ún.

Irin gòkè, ó yí, ó sọ̀ kalẹ̀ sí àyè rẹ̀. "Ẹ dì í mú síbẹ̀," ni Aláwàdà wí. Apá kan wọlé wẹ́rẹ́. Ní apá kejì, ihò kò bá ihò mu. Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú di wákàtí kan. Ẹrù kò rìn, nítorí náà Aláwàdà kò ní àṣẹ kankan láti pa. Ó dákẹ́.

Ibẹ̀ ni ìtọ̀ ti dé. Ìyá mi fún iṣan náà pọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ó kọjá. Ó tún dé, ó tún kọjá. Ìkẹta wá bí ẹni tó ń fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Ó wo ọwọ́ rẹ̀ lórí ọ̀pá ìdarí, ó ń bẹ̀rù kó má gbọ̀n. Nísàlẹ̀, fóòmánù dúró, ó ń wòkè. Àwọn ọkùnrin wà lórí irin náà, wọ́n ti fi ẹ̀mí wọn lé ọwọ́ yẹn. Nínú ìdákẹ́rọ́rọ́ ibẹ̀, kò gbọ́ ohun mìíràn ju àpòòtọ̀ rẹ̀ lọ. Ó tẹ rédíò.

"Aláwàdà."

"Ìyá mi."

"Bá mi sọ̀rọ̀."

"Kí ni kí n sọ, mà? Ẹrù ò rìn."

"Sọ èyí tí mo ní kó o má sọ mọ́."

"Fóòmánù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, mà."

"Kí òun náà gbọ́."

Aláwàdà wú ikọ́ díẹ̀. "Káfíńtà kan ló ń kan kọ́bọ́ọ̀dù, mà. Ó dúró sínú rẹ̀, ó kàn án pa mọ́ ara rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ dé, ó ń kan ilẹ̀kùn ilé, ó ní ṣé káfíńtà wà nílé? Ló bá dáhùn látinú kọ́bọ́ọ̀dù, ó ní ó wà, àmọ́ káfíńtà lòun náà ń wá."

Ìyá mi jókòó sínú yàrá tí kò tóbi ju kọ́bọ́ọ̀dù lọ, ẹ̀rín ń bọ̀. Kó tó dé, ó ti fún iṣan náà pọ̀, ó ti gbé e sókè, ó ti dì í mú. Ó wá rẹ́rìn-ín. Gbogbo ẹni tó ní rédíò lọ́wọ́ gbọ́ ọ. Ìkọ́ kò mì.

"Kò wá jáde rárá?" ni ìyàwó mi béèrè. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀ bí ẹni tó wà nínú ilé àdúrà.

"Ó jáde. Ẹ̀kán mẹ́ta, bóyá mẹ́rin. Mi ò ní parọ́ fún ìyàwó mi. Àmọ́ èyí tó kù, èmi ni mo dì í mú. Kì í ṣe pé ó ṣàánú mi."

Lẹ́yìn àádọ́ta ìṣẹ́jú mìíràn, bóòtù wọlé tán. Ó tú ìkọ́, ó sọ̀ kalẹ̀ ní àkàsọ̀ igba ó lé méjìlá, ó sì rìn lọ sí ilé ìtọ̀. Ó tẹnu mọ́ ọn fún wa pé òun rìn ni, òun ò sáré. Nígbà tó jáde, ó pe Aláwàdà sẹ́yìn òkìtì yanrìn, ó sọ ìdí tí òun fi ní kó dákẹ́ lọ́jọ́sí.

Aláwàdà kò rẹ́rìn-ín. Ó wo bàtà rẹ̀. "Èmi rò pé àwàdà mi ni kò dùn mọ́ ni."

"Ó dùn jù ni."

"Ìyá mi, ìyàwó mi bí márùn-ún. Ọdún mẹ́ta nìyí tí kò bá mi rẹ́rìn-ín mọ́ nílé. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀, á dìde kúrò níbẹ̀. Mo ti gbà pé mo ti sú u." Ó dákẹ́ pẹ́ títí, òun tí òfin kò jẹ́ kó dákẹ́ rí. "Nọ́ọ̀sì yẹn, ṣé ó ṣì wà níbẹ̀?"

Ìyá mi kò sọ ìyókù. Ó ní ti ilé Aláwàdà kò kàn wá. Ó kàn ní nígbà tí òun pàdé ìyàwó Aláwàdà ní ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ ní ọdún tó tẹ̀lé e, ó dì mọ́ òun.

Títí di òní, ìjókòó òkè yẹn ṣì jẹ́ tirẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé tó ń bọ̀ yóò padà sí i. Mo ronú nípa gbogbo ọjọ́ tí mo ti dúró létí ọ̀nà lọ́mọdé, tí mo nàka sókè, tí mo ní, ìyá mi nìyẹn. Agbára irin ni mò ń wò. Ohun tó gbé èmi dúró fún oṣù mẹ́sàn-án, tí mo ya kọjá, tó tún dìde, tó gbé ẹ̀mí àwọn ọkùnrin dúró lókè pẹ̀lú rẹ̀, n kò rí i rí, n kò sì lè rí i.

"Ìtàn tó," ni ìyá mi wí. Ó tẹ́ ọmọ sórí ibùsùn, ó fa àga kejì súnmọ́ ti ìyàwó mi. "O ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ni, tìrẹ kò ní pẹ́. Bí ọgbẹ́ bá ń dùn ọ́, jẹ́ ká dá a dúró. Kò dùn ọ́? Ó dáa. Gbé ẹsẹ̀ lélẹ̀. Jẹ́ kí èjìká rẹ rọ̀. Ó yá, gbé e."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ sínú rédíò. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Àwọn obìnrin méjì náà jókòó sínú oòrùn, ọwọ́ wọn wà lórí itan, ojú wọn ń wo fèrèsé. Aṣọ kò mì lára wọn. Mo ń wò wọ́n, mo sé èémí mi láìmọ̀.

"Sọ ọ́ kalẹ̀ pẹ̀lẹ́. Pẹ̀lẹ́, mo ní." Ó yí ojú sí mi. "Kí lò ń wò? Kò sí ohun tó o lè rí níbí. Lọ ká aṣọ ọmọ rẹ."